Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Wúwo

Òórùn ẹja gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn ilé wa ní Peckham, torí pé ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ wa ń ta ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn kì í sì í tì dáadáa. Kéèyàn tó gòkè dé ẹnu ọ̀nà wa, òórùn náà á ti dà pọ̀ mọ́ ti ìpara tí Mummy, màmá tó bí mi, fi ń ra orúnkún wọn, ìpara kan tó máa ń ta èèyàn nímú bí ẹni gbóòórùn ata. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òórùn mìíràn tún wá bá wa gbé: òórùn ọsibítù, tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bọ̀ láti wọ́ọ̀dù, tó wọnú àga, tó wọnú kọ́tìnnì, tí kò sì lọ bó ti wù ká fọ aṣọ tó. Níbikíbi tí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ apakòkòrò yẹn lónìí, inú pálọ̀ wa ni mo máa ń bá ara mi, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kún inú pálọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré ni ẹ̀gbọ́n mi fi jù mí lọ. Bí ìbejì la ṣe dàgbà, n kò sì sọ “ẹ̀yin” sí i rí, àfi tí àlejò bá wà nílé. Iṣẹ́ plọ́ḿbà ló kọ́. Ítálì ló ti ṣe é jù, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sì wà títí di òní. Nígbà tó dé London, òyìnbó Ítálì kan ló bá dòwò pọ̀, èdè Ítálì ni wọ́n sì ń sọ síra wọn lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà lábẹ́ síǹkì nínú ilé ìdáná kan ní Forest Hill, ìyẹn èkejì rẹ̀ sì wà ní yàrá òkè. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, omi ti bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló sì rí tó yọ síta, kò mira. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù ú níbẹ̀. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ẹnu.

Ohun tó ṣe sí ẹnu rẹ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà láyé. Ó ń gbọ́ wa. Tí Mummy bá pè é ní Yorùbá, á yíjú, ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti la ẹnu láti fèsì, Yorùbá ò sí níbẹ̀ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde: perdono. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, perdono. Tí nọ́ọ̀sì bá ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, perdono. Nígbà mìíràn, á mú mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì lágbára, á fà mí mọ́ra, á máa sọ ọ́ sí mi lójú, perdono, perdono, bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ọsibítù ní ká má ṣe bẹ̀rù, ó ní ẹni tó gbọ́ èdè mẹ́ta lè pàdánù méjì kí ẹ̀kẹta sì ṣẹ́ kù díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó máa ṣẹ́ kù.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń lọ sí yunifásítì ní New Cross, ló kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. London ni mo bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀. Ó ti fìgbà kan sọ fún àwọn aunty ní mọ́ṣáláṣí pé ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ tuntun, ọkọ̀ ló sì ń gbìyànjú láti sọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù rẹ̀, ó wò ó, ó sì dá ojú rẹ̀ lé mi.

“Mummy, it's forgiveness. Uncle ń bẹ̀bẹ̀. Like, wọ́n fẹ́ kí somebody dárí jì wọ́n.”

Màmá mi wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró lórí ìlẹ̀kẹ̀ kan. Wọ́n ní, “Alhamdulillahi. Ọmọ mi ti rántí.” Omi bọ́ lójú wọn. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó rántí, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò kàn sí ẹni tó ń sọ ọ́ jáde nínú ilé náà ni.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ní Ítálì. Àdéhùn wọn ni pé kí bàbá ṣáájú wá sí London, kó wá ilé, kí ìyá àti ọmọ sì tẹ̀ lé e. Bàbá dé, ó ń sùn sí pálọ̀ wa, ó ń wá ilé. Ìgbà náà ni ibà kan mú ọmọ, ibà tó le lójijì. Ìyàwó pe ọkọ pé kó máa bọ̀. Ó ní òun ń bọ̀, ó ní kí òun parí iṣẹ́ kan tó wà lọ́wọ́ òun. Kó tó parí iṣẹ́ náà, ọmọ ti kú. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ló bá ìyàwó sin ín. Ohun tí n kò lè ṣàlàyé fún ọ títí di òní ni pé ẹ̀gbọ́n mi kò lọ lẹ́yìn ìyẹn náà. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò wọ ọkọ̀. Ó tún òmíràn rà, kò lọ. Ìtìjú ni àbí ẹ̀rù ni, n kò mọ̀. Díẹ̀díẹ̀, kò gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ mọ́, ọdún sì ń gorí ọdún. Tí o bá dárúkọ ọmọ náà lójú rẹ̀, á dìde, á jáde síta.

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ìdáríjì ló ń tọrọ, ó dà bí ẹni pé àìsàn náà ti ṣí ilẹ̀kùn kan tí ara líle kò lè ṣí. Mummy ní àfi kí n pe ìyàwó wa. Mo pè é. Ẹgbẹ́ ni èmi àti obìnrin náà, ṣùgbọ́n ọmọ ọkọ ni mo jẹ́ sí i, Adúmáradán ló sì ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un.

“Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́?” ó béèrè. “Kì í ṣe pé ẹ̀yin lẹ fi sí i lẹ́nu?”

“Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́,” mo ní. “Kò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mìíràn.”

“Adúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré pẹ̀lú mi.”

Ó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Mummy ti wọ aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ kírun Yídì. Mo ti wẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, mo sì gbé e jókòó sórí àga, ìrọ̀rí lọ́tùn-ún kó má baà fì. Ìyàwó wa dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, kò bọ́ ọ. Ó ti rù. Kó tó sọ nǹkan kan, Mummy ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, wọ́n fi orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. “Ìyàwó mi, ọkọ rẹ ń bẹ̀ ọ́. Gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Gbogbo ojú rẹ̀ ṣí. Ó na ọwọ́ òsì sí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà, ó tún un sọ, ó ń sáré sọ ọ́, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ojú obìnrin náà ni mò ń wò. Mo rò pé mo máa rí ẹkún níbẹ̀, àbí ìbínú. Ohun tí mo rí kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ pé kó wá gbọ́ ohùn ẹnì kan tó sì ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ó kọjú sí mi, ó rọra béèrè pé, “Kí ló ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó ṣubú?” Mo ní páìpù ló ń tún ṣe, lábẹ́ síǹkì. Ó di ojú, ó sì tún là á. Ó wá lọ bá ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kúkúrú kan sí i létí ní èdè Ítálì.

Bí mo bá ní mi ò rí irú rẹ̀ rí, gbà mí gbọ́. Èjìká ẹ̀gbọ́n mi tó ti le láti ọjọ́ tí a ti gbé e dé sọ̀ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ tó nà síta padà sórí itan rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi sùn lọ níbẹ̀ lórí àga, ó sùn fọnfọn bí ọmọ tó ti sunkún tẹ́lẹ̀. Mummy kígbe, “Allahu Akbar! Ó ti dárí jì í!” Wọ́n ti nawọ́ sí fóònù wọn kí n tó gbé wọn dìde nílẹ̀. Gbogbo ẹbí ní Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyàwó wa sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n ń gbé fóònù sí i létí, àwọn ẹbí ń rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Ó ń sọ “Àmín, ẹ ṣé,” kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n jẹ́ ká jọ nasẹ̀ jáde. A rìn dé pápá Peckham Rye, a jókòó sórí bẹ́ńṣì níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ́ kí ajá wọn sáré. Atẹ́gùn tutù. Ó kó ọwọ́ sí àpò.

“Adúmáradán, ọkọ mi ò bẹ̀ mí o,” ó ní.

Mo wò ó.

“Ẹ gbọ́. Nínú èdè wọn, kì í ṣe ohùn òkè àti ohùn ilẹ̀ bíi tiwa. Ìwúwo ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ibì kan tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ju ibòmíràn lọ. Téèyàn bá tẹ ibi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ yẹn.” Ó yọ ọwọ́ jáde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan rẹ̀. “per-DO-no. Ẹ gbọ́ àárín yẹn? Ìdáríjì nìyẹn.” Ó tún lù ú. “PER-do-no. Ẹ gbọ́ orí rẹ̀? Wọ́n ń jò ni. Páìpù ń jò. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, wọn kì í fi àmì sí i. Lẹ́tà ni fóònù ọmọ yín rí, kò gbọ́ ohùn.”

Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Mo wá ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú orí mi, gbogbo òwúrọ̀ àti gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá. Orí ọ̀rọ̀ náà ló ń tẹ̀. Kò fìgbà kan tẹ àárín rí.

“Bóyá ahọ́n rẹ̀ ló wúwo,” mo ní. “Bóyá àìsàn ló gbé e síbi tí kò yẹ.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi dán an wò. Mo sọ fún un pé wọn ò jò mọ́. Mo ní mo ti ti omi pa.” Ó gbójú kúrò lára mi. “Ẹ sì rí i bó ṣe sùn.”

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni kò tíì kúrò lára mi. Ọkùnrin náà ṣì wà lábẹ́ síǹkì yẹn. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú un, ó ń ké sí ẹni tó máa bá òun ti omi pa, àwa sì ń tẹ́wọ́ àdúrà, à ń sọ fún un pé Ọlọ́run á dárí jì í.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìyàwó wa bí ó ṣe dá a lójú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ òun ló kọ́ òun. Ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, wọ́n ti kọ́ ọ láti máa fò níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, tí àwọn méjèèjì bá sì ń bọ̀ wálé, á máa pe gbogbo ohun tó bá rí lójú ọ̀nà. Ó rí igi: AL-be-ro, á kọ́kọ́ fò, á wá rìn. Ó rí fèrèsé: fi-NE-stra, á rìn, á fò, á tún rìn. Tó bá kan ìlú, cit-TA, á rìn ìṣísẹ̀ kan, á sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ gbì. “Tí mo bá ṣì í, á dá mi padà sẹ́yìn. Á ní, ‘Màmá, ẹ tún un fò.’ Àwọn èèyàn á máa wo èmi obìnrin oníhíjáàbù tó ń fò lójú títì.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì parí. “Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn lẹ wá rò pé mo máa ṣì gbọ́?”

Mo ní kí la máa sọ fún Mummy. Ó ní ká má sọ nǹkan kan, ó ní orúnkún àgbàlagbà tó ti kanlẹ̀ nítorí òun, òun ò ní fi gírámà gbé e dìde. Bí a ṣe fẹnu kò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ń fọ ife ní kíṣíìnì, mo ń nu wọn. Ohùn Mummy ń bọ̀ láti pálọ̀, wọ́n ń sọ lórí fóònù fún àbúrò wọn kan pé, “Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ti tán o. Ó ti gbàgbé, ó ti dárí jì í.” Mo rí i tí ọwọ́ ìyàwó wa dúró nínú omi ọṣẹ. Ó nu ọwọ́, ó sì jáde lọ bá wọn. Mo tẹ̀ lé e.

“Mummy,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo ti gbàgbé.” Ó kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún wọn, láìgbé ohùn sókè. Mummy gbọ́ ọ tán. Ojú wọn le.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohùn ọmọ tí mo bí? Kí o tó mọ̀ ọ́n ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ń bẹ̀ ọ́. Ọkàn rẹ ló le.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó wa gbé ọwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

“Mummy, tó bá jẹ́ pé ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa gbà. Ọmọ mi kú. Ọkọ mi ò wá. Ẹ̀yin náà ò wá. Ẹ pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Mi ò fẹ́ òmíràn, Mummy. Èyí tí mo bí yẹn ni mo fẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹnì kan nínú ilé yìí tó dárúkọ rẹ̀ fún mi rí.”

Ariwo òpópónà Rye Lane ń bọ̀ láti ojú fèrèsé, bọ́ọ̀sì ń mí, ẹnì kan ń polówó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àga, kò sì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, Mummy fi ọwọ́ ti ara wọn dìde. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyàwó wa sì sáré gbá wọn mú kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan kò lè kúnlẹ̀, ìkejì kò lè dìde.

“Ó dáa,” Mummy ní. “Òun ò bẹ̀ ọ́. Èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́. Ti èmi ni kí o gbọ́.”

“Ẹ pe orúkọ rẹ̀, Mummy.”

Wọ́n pè é. Wọ́n tún un pè, wọ́n sì fi oríkì tí àwọn fúnra wọn sọ ọ́ láti orí fóònù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kún un, wọ́n ń kì í lọ bí ẹni pé ọmọ náà wà ní yàrá kejì tí kò tètè dáhùn. Obìnrin náà wá sunkún. Ẹkún tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, ó sun ún sí èjìká Mummy. Mo yíjú wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń wò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ là, mo sì dúró de ọ̀rọ̀ náà. Kò sọ ọ́. Omi kàn ń ṣàn lójú rẹ̀, ní apá kan tó ń ṣiṣẹ́ àti ní apá kejì tí kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ìyàwó wa ń padà, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo bi í léèrè bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí. Ó ní, “Ti Mummy, mo ti gbà á. Ti ọkọ mi, mo ṣì ń dúró.” Mo ní kí ló dé tí kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, tó ṣáà jẹ́ pé wọ́n ní ó lè tún ọ̀rọ̀ kọ́. Ó mi orí. “Tí mo bá fi sí i lẹ́nu, tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀.” Ó máa ń pè wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, a ó sì gbé fóònù sí ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i báyìí. Ó lè pe omi ní Yorùbá. Ó lè pe orúkọ mi. N kò mọ̀ bóyá èyí tí obìnrin yẹn ń dúró dè máa dé.

Mo ti rò ó títí. Àwa tí a dàgbà nínú èdè tí ohùn ti ń yí ọ̀rọ̀ padà, tí a ń fi ọmọ London rẹ́rìn-ín pé kò mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀, a jókòó ti ọkùnrin kan fún oṣù gbọọrọ, a kò gbọ́ ibi tí ó ti ń tẹ ọ̀rọ̀. Mo máa ń rò pé àìgbédè ló fà á. Mummy ni wọ́n là mí lójú, ní ọ̀sán kan tí kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Mò ń bá wọn ra orúnkún, wọ́n kàn dá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀ fúnra wọn. “Kò sọ ọ́,” wọ́n ní. “Mo mọ̀ pé kò sọ ọ́. Èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ìyàwó wa láti ọjọ́ tó pẹ́, n kò lè sọ ọ́, mo wá ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi.”